Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì Í Di Odidi Nínú Ẹ̀rọ

 Àwọn tó pè mí wá sí Ìdàáṣà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ kí sáfà ṣe nígbà tí ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá gbé ohun tí kò retí dání, tàbí ohun tí kò tọ́ rárá. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ará Ìdàáṣà, ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ará Kétu lè jọ gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé èdè wa fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń bá àwọn sáfà wọ̀nyí lójijì.

Sáfà tí mò ń wí ni kọ̀ǹpútà tó jókòó síbì kan, bóyá ní Kútọnu, bóyá ní Paris tàbí ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ìbéèrè kó sì máa fèsì. Tẹlifóònù ọwọ́ yín ni oníbàárà rẹ̀. HTTP ni wọ́n sì ń pe èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan láàárín àwọn òkè mọ́kànlélógójì Ìdàáṣà yìí, tẹlifóònù yín kì í kàn sọ pé "fún mi ní ojú ìwé báyìí." Ó máa ń to àwọn ọ̀rọ̀ kan síwájú: orúkọ ibi tó ń wá, irú ẹ̀rọ tó jẹ́, èdè tí ẹni tó ni ín fẹ́, bí ẹrù tó gbé dání ṣe tó. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní header. Ẹni tó ń lo tẹlifóònù kì í rí wọn, kì í sì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n. Ẹ̀rọ ló ń kọ wọ́n sí ẹ̀rọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá wọ́, ó máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ wò dáadáa. Ká ní ọmọ Ìdàáṣà kan fẹ́ kí tẹlifóònù òun máa béèrè nǹkan ní èdè ilé rẹ̀. Èdè yìí ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé àmì èdè àgbáyé, ISO 639-3. Àmì náà ni idd. Yorùbá gbogbogbòò ń jẹ́ yo. Bí a bá fẹ́ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níhìn-ín, pẹ̀lú ɛ àti ɔ àti sh níbi tí ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ àti ṣ, yo-BJ ni. Ó ti wà nínú CLDR, ìyẹn àkójọ ìmọ̀ nípa èdè tí ọ̀pọ̀ tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà ayé ń gbára lé. Tẹlifóònù ọmọ yìí lè wá kọ ọ́ báyìí:

Accept-Language: idd, yo-BJ, fr;q=0.7

Ohun tó ń wí ni pé: Ìdàáṣà ni mo fẹ́, tàbí Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀; bí kò bá sí méjèèjì, mo lè gba Faransé, àmọ́ ìfẹ́ mi sí i kò ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ.

Kí ni sáfà tí kò gbọ́ idd rí máa ń ṣe? Òmíràn á dojú dé. Ẹni tó kọ ètò rẹ̀ gbà pé lẹ́tà méjì ni gbogbo àmì èdè ní, ètò náà wá kan ìkẹta, ó ṣubú, ó sì dá 500 padà, ìyẹn nọ́ńbà tí sáfà fi ń jẹ́wọ́ pé àléébù wà lára òun fúnra òun. Òmíràn á fi 406 dáhùn, pé òun kò ní ohun tí wọ́n fẹ́, á sì ti ilẹ̀kùn. Òmíràn á fo idd kọjá, á wo yo-BJ, á gé BJ kúrò, á sì mú Yorùbá tó ní jáde. Bí kò bá ní Yorùbá, á fún un ní Faransé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mọṣẹ́. Ìwé òfin HTTP tí wọ́n gbé jáde ní June 2022, RFC 9110, fàyè gba 406 níbi ọ̀rọ̀ èdè, ṣùgbọ́n kò gba sáfà níyànjú láti lò ó, nítorí pé ẹni tó béèrè lè fi ohun tí kò bá èdè rẹ̀ mu ṣe nǹkan, ó tiẹ̀ lè ní ẹ̀rọ ìtumọ̀ lọ́wọ́. Mo fara mọ́ ọn. Ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ èdè, kì í ṣe àṣẹ. Ìfẹ́ tí kò bá yé ọ kò dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́.

Àwọn kan ti bi mí bóyá kò ní dára kí sáfà tó rí idd tètè yí i sí yo, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Gígé àmì láti ọwọ́ ọ̀tún, bí a ṣe gé BJ kúrò lára yo-BJ, tí RFC 4647, ìwé òfin ti ọdún 2006, là kalẹ̀, kò lè gbé ẹnikẹ́ni láti idd dé yo. Ẹnì kan ní láti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sínú ètò. Bóyá Ìdàáṣà àti Yorùbá jẹ́ ọ̀kan tàbí wọ́n jẹ́ méjì, ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú mi yìí lẹ lè sọ. Èmi kò ní dá sí i ní ìlú yín.

Ẹ tún wo ohun kékeré kan nínú ìlà yẹn: 0.7. Ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé tí ọ̀pọ̀ yín gbà kọjá, kọ́má lẹ fi ń ya odidi kúrò lára ìdá. 0,7 lẹ ń kọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá sọ fún pé Bẹ̀nẹ̀ ló wà lè tẹ nọ́ńbà jáde bẹ́ẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ìlà náà á wá di fr;q=0,7. Nínú header, kọ́má ló ń ya ohun kan kúrò lára èkejì. Sáfà á wá kà á sí Faransé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo, àti èdè kan tó ń jẹ́ 7. Nínú òfin yìí, òdo túmọ̀ sí "n kò gbà á rárá." Ẹni tó ń wí pé Faransé ṣeé gbà ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ Faransé sílẹ̀, gbogbo ìlà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ délẹ̀. Èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ 7 yẹn ló tú àṣírí. Kí sáfà fò ó kọjá, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i. Bí ó bá rí i nígbà ẹgbẹ̀rún láàárín ọjọ́ kan, ẹni tó ń tọ́jú sáfà náà á mọ̀ pé ètò kan wà níbì kan tó ń ṣi nọ́ńbà kọ.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ó dà bíi pé ohun tí mò ń wí ni pé kí sáfà máa fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹgbẹ́ mi jiyàn.

Ní ọdún 1980, Jon Postel, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé òfin TCP, ìlànà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, pé kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ra gidigidi nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, kó sì máa lawọ́ sí ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí di òfin ọkàn fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìran mélòó kan. Yorùbá ti ń wí irú rẹ̀ tipẹ́: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Postel ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ láti jẹ́ ọmọlúàbí. Ní 1980, ó rọrùn. Ẹ̀rọ tí okùn so pọ̀ nígbà náà kò pọ̀, àwọn tó kọ ètò wọn mọ ara wọn lórúkọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì wọ́, wọ́n á pe ara wọn.

Ẹ ronú sí ohun tó ń mú kí àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odidi nínú ọmọlúàbí. Ó mọ ẹni tó ń sọ ọ́. Ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀ láti àná. Ó ń wo ojú onítọ̀hún bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí kò bá sì dá a lójú, á ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?" Sáfà kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tó wá burú jù ni pé kì í sábà jẹ́ sáfà kan ṣoṣo ló ń gbọ́. Lónìí, ìbéèrè kan lè kọjá lọ́dọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé ibi tó ń lọ: èyí tó wà níwájú a máa gbà á, a máa wò ó, a máa tì í sẹ́yìn fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àbọ̀, tí àwọn méjì sì sọ ọ́ di odidi, kò sí ohun tó sọ pé odidi kan náà ni wọ́n á sọ ọ́ dà. Àlàfo tó wà láàárín odidi ti èkíní àti odidi ti èkejì, ibẹ̀ ni olè ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ìlú yìí là á yé yín. Ìdàáṣà: lẹ́tà mẹ́fà ni, bí a bá ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà tó gbé e. Ṣùgbọ́n báìtì, ìwọ̀n kékeré tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ni ẹ̀rọ ń kà. Nínú UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tí gbogbo ayé ń lò báyìí, d nìkan ló gba báìtì kan. Ì gba méjì, à gba méjì, á gba méjì, ṣ gba mẹ́ta, à tó kẹ́yìn gba méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Header kan wà tó ń jẹ́ Content-Length, òun ló ń sọ iye báìtì tó wà nínú ẹrù. Ọ̀dọ́ kan tó ka lẹ́tà dípò báìtì á kọ Content-Length: 6, á sì fi 12 ránṣẹ́. Sáfà á ka mẹ́fà: Ì, d, à, àti ìdajì á. Lójú tirẹ̀, ẹrù ti pé. Báìtì mẹ́fà yòókù, ìdajì á tó kù pẹ̀lú ṣ àti à, ṣì wà lórí okùn tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, nítorí pé wọn kì í sábà já okùn náà lẹ́yìn ìbéèrè kan. Òmíràn á tún gbà á kọjá. Sáfà á wá gbà pé ìbéèrè tuntun ló ń wọlé, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lẹ́tà. Kò sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láyé. Á dá 400 padà: ọ̀rọ̀ rẹ wọ́.

Ẹni tó bá kọ ọ́ ní Dassa kò ní bá àṣìṣe yìí pàdé láéláé: lẹ́tà márùn-ún, báìtì márùn-ún. Àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló ń dè. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí rántí ìyẹn nígbà tí olùkọ́ yín bá ní àpẹẹrẹ inú ìwé ti tó.

Àṣìṣe lásán ni ti ọ̀dọ́ yẹn. Ká wá ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni HTTP ti àtijọ́ fi ń sọ ibi tí ẹrù parí sí. Content-Length ni ọ̀kan. Èkejì ni Transfer-Encoding: chunked, tó ń gé ẹrù sí wẹ́wẹ́, tó sì ń fi òdo parí rẹ̀. Ẹni ibi á kó méjèèjì sínú ìbéèrè kan, á sì jẹ́ kí wọ́n tako ara wọn. Sáfà iwájú tẹ̀ lé ọ̀kan, ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé èkejì. Ohun tí ti iwájú rò pé ó wà nínú ẹrù di ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun lójú ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e lórí okùn yẹn, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ni ìbéèrè tirẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìyókù náà. Àwọn mẹ́rin kan ní ilé-iṣẹ́ Watchfire, Chaim Linhart, Amit Klein, Ronen Heled àti Steve Orrin, ló ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 2005. Ayé gbọ́, ayé sì gbàgbé. Ní August 2019, James Kettle, onímọ̀ ààbò kan, tún gbé e dìde níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Las Vegas, ó sì fi hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣì ṣí sílẹ̀ sí i. Kí ló fà á? Inú rere ni. Sáfà kan rí header tí àyè wà láàárín orúkọ rẹ̀ àti kólọ́nì, ó ní kò burú, òun mọ ohun tó fẹ́ sọ. Èkejì rí i, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ó fò ó. Kò sí ẹni tó ṣe ibi nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí náà ni RFC 9112, òmíràn nínú àwọn ìwé òfin HTTP ti June 2022, ṣe sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: bí àyè bá wà láàárín orúkọ header àti kólọ́nì rẹ̀, sáfà gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè náà, kó fún un ní 400. Bí Host, ìyẹn orúkọ ibi tí ìbéèrè ń lọ, kò bá sí, tàbí tí ó bá jẹ́ méjì, 400. Bí Content-Length kò bá jẹ́ nọ́ńbà gidi, 400, kí wọ́n sì já okùn náà. Kò sí "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń wí nìyí." Àwọn tó ṣe Apache, ọ̀kan nínú àwọn ètò sáfà, ti fi òté irú èyí sínú rẹ̀ láti ẹ̀dà 2.4.25, ní December 2016. Ní June 2023, àwọn tó ń bójú tó ìkọ́lé íntánẹ́ẹ̀tì gbé RFC 9413 jáde. Martin Thomson àti David Schinazi ló kọ ọ́, ó sì ń jiyàn pé ìlawọ́ Postel, bí a bá fi sílẹ̀ láìtún nǹkan ṣe, a máa sọ àṣìṣe di àṣà. Sáfà kan gba àṣìṣe kan, ẹni tó ṣe é kò mọ̀. Gbogbo sáfà tó bá wá lẹ́yìn gbọ́dọ̀ gbà á pẹ̀lú, kí oníbàárà má baà ní tiwọn ni kò dára.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí àṣìṣe ṣe ń jókòó tì wá, ẹ wo header tó ń sọ ojú ìwé tí a ti wá: Referer. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, r méjì ló yẹ kó wà láàárín rẹ̀. Phillip Hallam-Baker ló dá a lábàá, ọ̀kan fò ó lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó tètè rí i, ó sì wọ RFC 1945 ní May 1996. Títí dòní, ẹni tó bá kọ ọ́ bó ṣe tọ́ ló ṣì í kọ.

Ibo wá ni ààlà wà? Èrò tèmi ni pé kí sáfà bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí mo bá fò ó kọjá, kí ló lè ṣẹlẹ̀? Èdè tí kò mọ̀: ẹni náà á ka Faransé. Déètì tó wọ́ nínú If-Modified-Since, header tí tẹlifóònù fi ń sọ pé "bí ojú ìwé yìí kò bá tíì yí padà láti ọjọ́ báyìí, má wulẹ̀ fún mi": òfin ní kí sáfà fò ó, ohun tó burú jù tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni kó fi ojú ìwé tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń sọ ibi tí ìbéèrè parí sí, ibi tó ń lọ, ẹni tó ń béèrè, irú ẹrù tó gbé, tàbí iye owó, kò sí àyè fún méfò níbẹ̀.

Mo fi owó kún un nítorí ohun kan tí ẹ mọ̀ ju mi lọ. Ní oṣù August, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì bá rọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀ àti láti òkèèrè, tẹlifóònù á pọ̀ ju ohun tí òpó nẹ́tíwọ́kì lè gbé lọ. Okùn á máa já. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi 50.000 fràǹkì ránṣẹ́ sílé, tí ìparí ẹrù rẹ̀ kà báyìí: iye=50000. Báìtì kan ṣoṣo péré ló sọnù, èyí tó kẹ́yìn. iye=5000 ló dé. Ìyẹn kò wọ́ lójú rárá, 5.000 fràǹkì ni, owó tó pé ni. Content-Length nìkan ló lè sọ pé báìtì kan kò tíì dé. Sáfà tó ní "ó ti tó" tó sì san án ti ṣe ìpinnu tí kò sẹ́ni tó rán an. Kó dúró fún ìgbà díẹ̀, bí ìyókù kò bá sì dé, kó da gbogbo rẹ̀ nù, kó sì jẹ́ kí tẹlifóònù mọ̀ pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Bí sáfà ṣe ń sọ pé rárá náà ṣe pàtàkì, àwọn oníṣẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 4 ń sọ pé: ìwọ tí o béèrè, tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 5 ń sọ pé: èmi ni, ó lè dára bí o bá padà wá. Ọ̀pọ̀ ètò inú tẹlifóònù ni wọ́n kọ́ láti tún gbìyànjú bí wọ́n bá rí 5. Sáfà tó ń dá 500 padà sí header tó wọ́ ń sọ fún tẹlifóònù pé kó máa padà wá, ìbéèrè tó wọ́ kan náà á sì máa lọ, á máa bọ̀, títí dàtà ẹni tó ra ọgọ́rùn-ún mélòó kan fràǹkì láàárọ̀ á fi tán. Ní Paris, wọn kò ní mọ̀. Níhìn-ín, owó oúnjẹ ni. Kí sáfà sọ 400, tàbí 415 bí irú ẹrù náà bá jẹ́ ohun tí kò mọ̀, tàbí 431 bí àwọn header bá ti pọ̀ jù. Kó sì kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀, ní gbólóhùn kan, header wo ló wọ́ àti ohun tó ń retí. Àwọn kan a máa sọ pé kí ó dákẹ́, kí olè má baà kọ́ ọgbọ́n. Olè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò ni kò mọ̀.

Ìdákẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ wo nginx, sáfà tí ọ̀pọ̀ nínú yín á kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ẹnì kan lè pe header tirẹ̀ ní nomba_ile, pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀ yẹn láàárín. Ó fi ránṣẹ́, ètò tó wà lẹ́yìn nginx kò rí nǹkan kan. Ó tún ètò náà kọ, kò rí nǹkan kan. Nginx ló ti jù ú nù lẹ́nu ọ̀nà láìsọ fún ẹnikẹ́ni tó béèrè, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilé nìyẹn. Ìdí gidi wà fún un: nínú CGI, ọ̀nà àtijọ́ tí sáfà fi ń gbé ìbéèrè fún ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti nínú àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo ìlà àárín tó wà nínú orúkọ header ló ń di ìlà ìsàlẹ̀, nítorí náà nomba-ile àti nomba_ile á di ohun kan náà, ẹni ibi sì lè fi èyí tí wọn kò ṣọ́ bo èyí tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́lẹ̀. Èrò náà dára. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni mo bá jà. Ohun tí a bá jù nù nítorí ààbò yẹ kó fi ojú hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà sì rèé, òun fúnra rẹ̀ lè pani. Header User-Agent wà lára àwọn tí a kì í bìkítà fún: orúkọ irú ẹ̀rọ tó ń béèrè lásán ni. Ní September 2014, nígbà tí àléébù Shellshock jáde, ó hàn pé ẹni tó bá kọ àwọn àmì kan sínú User-Agent lè mú kí sáfà tó ń lo Bash, ètò tó ń gba àṣẹ, pẹ̀lú CGI ṣe ohunkóhun tó bá pàṣẹ. Ní December 2021, Log4Shell tún dé: Log4j, ohun èlò tí àwọn ètò Java fi ń kọ àkọsílẹ̀, a máa ka ohun tí wọ́n ní kó kọ, bó bá sì rí gbólóhùn kan báyìí nínú rẹ̀, a lọ mú ètò wá láti ibi tí gbólóhùn náà darí rẹ̀ sí, a sì ṣe é. Sáfà kò gba header náà gbọ́, kò tiẹ̀ lò ó. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ kọ ohun àjèjì sílẹ̀ bí òkú ọ̀rọ̀, ẹ gé e kúrú, ẹ má sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn mọ́ ọn, torí pé ní Bẹ̀nẹ̀ yìí, òfin díjítà ti April 2018 ti fi ààbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò gbọdọ̀ fò. Ohun tí sáfà kò retí yàtọ̀ sí ohun tí kò tọ́. Ní 30 November 2024, nọ́ńbà tẹlifóònù Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ẹyọ 8, ó di ẹyọ 10, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo wọn. Côte d'Ivoire ti ṣe irú rẹ̀ ní 31 January 2021. Gbogbo ètò tí ẹnì kan ti kọ sínú rẹ̀ pé "nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 8, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ ọ́" ń kọ nọ́ńbà tó tọ́ láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó kọ tiwọn ní Nàìjíríà tún lè ní ìṣòro mìíràn: lọ́dọ̀ wọn, bí +234 bá ti wà níwájú, òdo àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò. Wọ́n lè gé òdo Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú. Níhìn-ín, lẹ́yìn +229, 01 ló ń tẹ̀ lé e, òdo náà kì í kúrò. Ètò tó fẹ́ ran oníbàárà lọ́wọ́ ti ba nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́.

Kò yẹ kí ẹ torí ìyẹn wí pé ẹ ó gba gbogbo nọ́ńbà. Ohun tó yẹ ni kí òfin tí ẹ fi ń yẹ nǹkan wò wà níbi kan ṣoṣo, kó ní ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kó sì ṣeé yí padà láìtú gbogbo ilé. Àwọn Google rí ewu yìí lọ́nà mìíràn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn sáfà kan ń ṣubú bí wọ́n bá rí ohun tuntun nínú ìkíni TLS, ìyẹn ìkíni tó ń ṣáájú ìbéèrè tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n fò ó kọjá. David Benjamin, ọ̀kan nínú wọn, wá dá GREASE sílẹ̀, ó sì di RFC 8701 ní January 2020. Browser Chrome á mọ̀ọ́mọ̀ máa ju ohun tí kò ní ìtumọ̀ sínú ìkíni rẹ̀, kí sáfà tí kò lè fò ó kọjá tètè ṣubú lójú ẹni tó kọ ọ́, kó tó di ọjọ́ tí ohun tuntun gidi bá dé. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an, ó ní ìwà àgbàlagbà nínú.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbé sáfà kan kalẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́: ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí i lálẹ́ òní. Kí ti àkọ́kọ́ ní Accept-Language: idd, yo-BJ, fr;q=0,7. Ó yẹ kó dá 200 padà, nọ́ńbà tó ń sọ pé ó ti ṣe é, pẹ̀lú ojú ìwé tó ṣeé kà. Kí èkejì ní Content-Length: mẹ́fà, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀kẹta ní Host méjì tí orúkọ wọn kò jọ ara wọn. Àwọn méjì yìí gbọ́dọ̀ gba 400. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba 200, ẹ wá àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́la kí n tó wọ ọkọ̀ Kútọnu. A ó jọ ṣí ètò náà wò. Ní báyìí, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ sọ, mo ń retí ìbéèrè yín.